Irin Kílò Márùn-ún àti Òòfà Ilẹ̀

Nkembo, Libreville
Ọjọ́rú, lọ́sàn-án, òjò ń rọ̀

Àkànní mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka lẹ́tà yìí, nítorí ó gùn, mi ò sì ní agbára àtikọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé àìsàn ń ṣe mí. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ojú mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn nọ́ńbà kéékèèké ojú òṣùwọ̀n mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí n lè ráyè kọ ọ́. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ló wà lórí tábìlì tí mi ò tíì tún ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Alhaji Sànúsí, oníṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò PK8. Mọ́tò rẹ̀ ni yóò gbé lẹ́tà yìí lọ́la. Bí ọ̀nà bá gbà, yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní ibùdó yín ní Fúráìdè. Mọ́ńdè sì ni ìpàdé rẹ. Èyí fi Sátidé àti Sọ́ńdè sílẹ̀ fún ọ. Má gbàgbé ọjọ́ méjì yẹn, torí wọn ni mo ṣe ń kánjú.

Kà á díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé Faransé rọ̀ ọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, bí kì í bá sì í ṣe ti bàbá rẹ tó fi dandan kọ́ ọ ní ìwé wa, ǹ bá máa wá ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu mi fún ọmọ tí mo bí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, bi Bùrọ̀dá Alábì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Yorùbá Kétu tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yé e. Àmọ́, má tíì ka lẹ́tà yìí sí i létí. Kọ́kọ́ dá kà á tán. Màá sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀.

Ní Sọ́ńdè ni lẹ́tà tìrẹ dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ Títí wá láti Owendo, òun ló kà á fún mi torí pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ Faransé. Ó ń kà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń jẹ ẹ̀pà mi.

“Màmá,” ó ní, “ọmọ yín fẹ́ lé ilẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ o.”

“Ka ìyókù.”

“Ó ní ilẹ̀ kò fa ẹnikẹ́ni. Ó ní láti òkè ni nǹkan ti ń tì wá mọ́lẹ̀. Ṣé òkè ló ti èmi náà tí mo fi sanra báyìí?”

“Títí, mo ní kí o ka ìyókù.”

Ó kà á tán, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́ kí n tún un sọ fún ọ bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ bóyá mo ṣì í gbọ́. O ní nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yín ń sọ kò bára mu mọ́. Ibi tí ẹ wọ̀n láàárọ̀, bí ẹ bá padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, yóò sọ nǹkan mìíràn. O ní ọ̀gá yín sọ pé Bùrọ̀dá Alábì tó ń gbé ẹ̀rọ náà ló jù ú sílẹ̀ tó sì fi pamọ́, pé ní Mọ́ńdè ni wọn yóò dá a dúró. O ní irọ́ ni, Alábì kò ju nǹkan kan sílẹ̀. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ọkùnrin tó mú ọ wọ iṣẹ́ náà, tó fún ọ ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí ibà dá ọ dúbúlẹ̀, kì í ṣe ẹni tí yóò fi nǹkan pamọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ pé ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, ẹ̀yin náà kò ṣe àṣìṣe, pé òfin òòfà tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ayé nílé ìwé ni kò tọ́. O ti kọ ojú ewé mẹ́sàn-án. Ní Mọ́ńdè, wàá dìde níwájú àwọn ẹnjiníà, wàá kà á fún wọn, Alábì yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn náà.

Mo ti lóye ìwé pẹlẹbẹ tí o rà nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́, èyí tí o mú àbá náà jáde láti inú rẹ̀. Ó ní nǹkan kan tí a kò lè rí ń rọ́ wá láti gbogbo apá òfuurufú, ó sì ń ti ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ dí èyí tó yẹ kó wá láti ìsàlẹ̀ lọ́nà, bí ẹni dúró sẹ́yìn ògiri lójú ìjì, ìdí nìyẹn tí ti òkè fi borí, òun la sì ń pè ní ìwúwo. O wá fi tìrẹ kún un pé títì náà ń lé sí i, ó ń dín kù, láti wákàtí dé wákàtí, pé ẹ̀rọ yín ló ká a mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má bínú. Títí ló ń túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀pà sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Alhaji gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá ní Mọ́ńdè tó kọjá yìí, Títí ti sọ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó ti sọ fún ọkọ.

“Ìyá Títí,” ó ní, “ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi, kó kọ́kọ́ jẹun iṣẹ́ epo yó ná kó tó bá ilẹ̀ jà. Ilẹ̀ ò ní sá lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé oníbàárà ni. Ṣùgbọ́n kò dé inú mi. O mọ bí ìlú yìí ṣe rí báyìí. Epo ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ilé alájà ń yọ níbi tí koríko wà lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìyá ló sì ń wá ẹni tí yóò mú ọmọ òun wọ iṣẹ́ epo. Nígbà tí tìrẹ bọ́ sí i, gbogbo Nkembo ló bá mi yọ̀. Wọ́n á ní, “Maman Balance,” ìyẹn Ìyá Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè mí, “kí ni ọmọ yín ń ṣe níbẹ̀?” Màá ní ó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan. Wọn á wò mí bíi pé mo ti ń darúgbó. Màá wá ṣàlàyé pé àpótí kan ni, sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀, pé ibi tí òkúta abẹ́ ilẹ̀ bá fúyẹ́, òòfà ibẹ̀ á dín díẹ̀, àwọn oníṣẹ́ epo á sì fi ìyẹn mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́. Wọn á bú sẹ́rìn-ín: “Òṣùwọ̀n náà ló kúkú tún lọ gbé!” Inú mi máa ń dùn. Mi ò purọ́ fún ọ. Ó ń dùn mọ́ mi nínú jù.

Nítorí náà, bí o bá rò pé torí kí owó oṣù rẹ má bàa bọ́ ni mo ṣe ń kọ̀wé, ìdí kan nìyẹn lóòótọ́. Kì í ṣe òun nìkan.

Èmi kọ́ ni màá fi ọ́ ṣe ẹ̀sín. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, èmi náà ní àbá tèmi nípa òòfà ilẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ewé mẹ́rin, mo ya àwòrán ilẹ̀ sí i. Mo sì dìde níwájú òyìnbó, mo kà á. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ rí.

Nílé ni, lójú ọ̀nà Oǹdó. Owó bàbá mi ti tán nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì gba iṣẹ́ akọ̀wé ní sítọ̀ kan tí wọ́n ti ń ra kòkó. Èmi ni mo ń kọ ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá kan ló ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, a máa ń pè é ní Bàbá Sítọ̀, ọkùnrin gíga tí kì í yọ fìlà àfi tó bá fẹ́ gbàdúrà. Ó fẹ́ràn mi. “Akọ̀wé mi” ló máa ń pè mí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ṣáájú mi ni pé wọ́n á sá kòkó sóòrùn títí di ọ̀sán, kó gbẹ dáadáa, nígbà náà ni wọ́n á wọ̀n ọ́, wọn á kó o sí mọ́tò. Èmi ni mo yí i padà. Mo ní ká máa wọ̀n ọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó ràn. Mo sọ fún Bàbá Sítọ̀ pé yóò rọrùn fún àwọn tó ń gbé àpò. Ó ní, “Akọ̀wé mi, bó o ṣe fẹ́ ni.” Irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ ṣíwọ́ lọ́sàn-án ni, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní oríta tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọ̀sán ló sì máa ń ráyè jókòó.

Kò pẹ́ púpọ̀ ni ìwé dé láti dépò ńlá pé àpò tí a ń kó ránṣẹ́ kò pé. Gbogbo àpò ló ń fi pọ́n-ùn kan tàbí méjì dín sí ohun tí mo kọ. Mọ́tò àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀, ìkejì bẹ́ẹ̀, ìkẹta bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní olè wà ní sítọ̀. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Bàbá Sítọ̀.

Mo ronú. Mo ṣàkíyèsí pé àpò tó wúwo láàárọ̀ máa ń fúyẹ́ lọ́sàn-án. Mo rántí pé tíṣà sáyẹ́nsì wa sọ pé òòfà ilẹ̀ kò dọ́gba níbi gbogbo. Mo ní, bí kò bá dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíràn, kí ló ní kó dọ́gba láti àárọ̀ sí ọ̀sán? Mo ní láàárọ̀, ilẹ̀ tutù, ó di nǹkan mú ṣinṣin. Bí oòrùn bá mú un, á dẹ ọwọ́. Àkànní, o ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. N kò lè jẹun. Mo rò pé èmi ọmọbìnrin tí kò parí sẹ́kọ́ńdìrì ti rí ohun tí gbogbo òyìnbó kò rí, àti pé lójú kan náà, màá gba bàbá tí mo fẹ́ràn sílẹ̀. Ṣé o rí i bí ó ṣe jọra?

Ìnísípẹ́kítọ̀ òyìnbó dé. Mo dìde.

“Sà, kò sí ẹni tó jí kòkó. Ilẹ̀ ló dẹ ọwọ́.”

“Ta ló dẹ ọwọ́?”

“Ilẹ̀, sà. Lọ́sàn-án.”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Ọ̀sán la wà yìí. Kí ló dé tí bàtà mi ò tíì fò?”

Gbogbo sítọ̀ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn tó ń gbé àpò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Bàbá Sítọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, bíi pé èmi ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ìnísípẹ́kítọ̀ náà wò ó, ó ní: “Bó o bá ní o ò mọ̀, ǹ bá wádìí. Ṣùgbọ́n o kọ́ ọmọbìnrin kan ní àlọ́ pé kó wá pa á fún mi.” Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tíṣà wa wá sí ìlú fún ìsinmi. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní:

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé o wọn irin?”

“Irin wo, sà?”

“Irin kírin. Ohun tí kì í mu omi. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.”

N kò ní láti wọn nǹkan kan mọ́, ó ti yé mi kí ó tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n mo lọ wọ̀n ọ́ ṣáá. Irin ò yí padà. Kòkó ló ń yí padà. Ìrì ló ń mu ní gbogbo òru lójú fèrèsé, àwa á wá wọ̀n ọ́ láàárọ̀ tòun ti omi inú rẹ̀, oòrùn á sì gbà á lójú ọ̀nà. Tíṣà tún sọ èyí kún un, èyí tí ìwọ yóò mọ̀ jù mí lọ: òṣùwọ̀n sítọ̀ yẹn, irin ló fi ń wọn kòkó, irin lápá kan, kòkó lápá kejì. Bí ilẹ̀ bá dẹ ọwọ́ lára kòkó, yóò dẹ ọwọ́ lára irin náà. N kì bá tí rí nǹkan kan. Àbá mi kò tiẹ̀ lè fara hàn lórí òṣùwọ̀n tí mo gbé e kà.

Mo kọ̀wé sí ìnísípẹ́kítọ̀. Mo ṣàlàyé ìrì fún un. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo yí àsìkò ìwọ̀n padà. Wọn kò fèsì.

Ó wá ku ohun tó ń rẹ̀ mí láti sọ báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta ni bàbá rẹ. Bàbá Sítọ̀ ni bàbá tó bí i. Òun ni fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ wa, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Onífìlà. Oko ló padà sí lẹ́yìn tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú, wọ́n sì ń pè é ní olè kòkó lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á gbé mi dìde, á ní, “Ìyàwó mi tó dìde fún mi níwájú òyìnbó.” Gbogbo ìgbà. Kò gbàgbé rí.

Mo sọ òtítọ́ fún bàbá rẹ kí a tó ṣe ìdána, pé èmi ni mo yí àsìkò ìwọ̀n padà. Ó lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó dé, ó ní òun ò ní fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní gbé ìlú yẹn. Ó ní kí n má sì sọ fún Bàbá, pé ohun kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn, pé ẹnì kan dìde fún òun. Mo gbà. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó tọ́ tàbí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn ni. Ìdí tí a fi wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Libreville nìyẹn. Kì í ṣe òwò ló gbé wa wá gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń sọ fún yín.

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ sì rà ní ìlú yìí ni irin kílò márùn-ún yẹn, lọ́wọ́ Faransé kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Ṣé o rántí? Láràárọ̀, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà kankan: “Ẹ jẹ́ ká kí irin.” Ìwọ lo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e láti orí òṣùwọ̀n kan dé èkejì, wàá máa pariwo “Márùn-ún géérégé!” O bi bàbá rẹ léèrè rí pé kí ló dé tá a fi ń kí i. Ó ní, “Kó má baà gbàgbé wa ni.” O gbà bẹ́ẹ̀, o sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó dára, ìdí rẹ̀ gan-an lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yẹn.

Ní báyìí, jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ tìrẹ.

Èkíní. Ní ojú ewé kejì lẹ́tà rẹ, ìlà kan wà níbẹ̀ tí Títí kà kọjá. Mo ní kó padà. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O kọ ọ́ pé, “Láti ìgbà tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, mo ti ní ká má padà sí ojúkò àkọ́kọ́ lọ́sàn-án mọ́, torí wákàtí méjì ló ń jẹ mọ́ wa lọ́wọ́.”

Àkànní, ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé ojúkò àkọ́kọ́ fún mi nígbà Kérésìmesì, lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. O ní ibì kan wà tí ẹ ti yàn, pé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ẹ ó padà gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, ẹ ó wo bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe sún tó. O ní ooru ń sún un, gìrìgìrì mọ́tò ń sún un, òṣùpá àti oòrùn pàápàá ń fà á díẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀ sì máa ń rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó bá sún níbẹ̀, ẹ ó yọ ọ́ kúrò nínú ìyókù. Mo ní, “Ẹ̀yin náà ń kí irin nìyẹn.” O rẹ́rìn-ín, o ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, a ń kí irin.”

O ti dẹ́kun àtikí irin, ọmọ mi. Kì í ṣe Alábì ló dá a dúró. Ìwọ ni.

Ọdún tí mo ti ń tú sípíríǹgì ní ìlú yìí kò kéré. Bí o bá fi ẹrù kọ́ ọ láti àárọ̀, yóò fi díẹ̀ gùn sí i nírọ̀lẹ́. Bí o bá sọ ẹrù náà kalẹ̀, yóò padà, ṣùgbọ́n kò ní padà tán. Kò sí ẹni tó jù ú sílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ìyẹn yé mi dáadáa.

Nítorí náà, ní Sátidé, ìwọ àti Alábì, ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ojúkò àkọ́kọ́, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí mọ́tò kò bá lè dé. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ju kíkà lọ. Ẹ kà á ní wákàtí wákàtí títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ń sún níbi tí ẹnì kankan kò ti gbé e, wọn ò lè sọ pé Alábì ló jù ú sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Wàá ní títì láti òkè náà lè mú un sún. Lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ yá ẹ̀rọ kejì lọ́wọ́ ikọ̀ kejì, ní Sọ́ńdè tí wọn kò ṣiṣẹ́, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ òkè ló yí padà, méjèèjì yóò yí padà bákan náà. Bí oníkálukú bá ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀, sípíríǹgì ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn fún òṣùwọ̀n onísúgà àti òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja.

Èkejì ló le jù. Ní Mọ́ńdè, kí o tó sọ ohunkóhun nípa òfin ayé, sọ ohun tí o ṣe. “Èmi ni mo ní ká má padà mọ́.” Sọ ọ́ kí wọ́n tó bi ọ́. Wọ́n lè lé ọ. Mo ti ro ìyẹn. Mo rò ó títí mo fi tẹ ìka mi mọ́ abẹ́ òṣùwọ̀n Alhaji láàná. Mo ro ohun tí màá sọ fún àwọn ará àdúgbò, ilé tí o ní wàá kọ́, iye ọjọ́ orí mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Síbẹ̀, sọ ọ́.

Má sì gbàgbé kíníìnì rẹ. O kì í lò ó bí òjò bá dé, o rò pé n kò mọ̀.

Ní ti àbá rẹ, má jó o. Èmi jó tèmi, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé àwòrán ilẹ̀ yẹn dára. Tíṣà wa sọ fún wa pé òfin tí ó ń kọ́ wa gan-an, ẹnì kan ti tún un ṣe lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gbà á fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì, torí ìràwọ̀ kan tó ń yí oòrùn ká tí kò tọ ọ̀nà tí òfin náà là sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ojú púpọ̀ ti wo ìràwọ̀ yẹn, ẹ̀rọ púpọ̀ ti wọ̀n ọ́, ó sì ti pẹ́, kí wọ́n tó dá òfin lẹ́bi. Òfin ló kẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n fura sí. Èmi àti ìwọ, òun la kọ́kọ́ mú.

Ìbéèrè kan sì wà tí mo ní fún ìwé pẹlẹbẹ rẹ. Bí mo bá jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ nínú òjò, iwájú ni òjò ti máa ń bá wa jù, bó bá sì ṣe ń sáré tó ni yóò ṣe pọ̀ tó lójú wa, á sì máa fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀ yìí ń sáré yí oòrùn ká, àbí? Bí nǹkan bá ń rọ́ ọ láti gbogbo apá, kí ló dé tí ti iwájú kò tíì dá a dúró láti ọjọ́ yìí? Ó lè jẹ́ pé ìwé náà ní èsì. Bí ó bá ní, fi ojú ewé rẹ̀ hàn mí nígbà tí o bá wálé. Màá gbọ́. N kò mọ ohun tó ń fa nǹkan. Mo ti ń wọn ìwúwo fún ọgbọ̀n ọdún, n kò mọ ohun tó jẹ́.

Ohun kan péré ni mo mọ̀. N kò bá ọ jà nítorí pé o fẹ́ tako àwọn ọ̀mọ̀wé. Mo ń bẹ̀ ọ́ kí o má fi ọ̀rọ̀ ńlá bo nǹkan kékeré tí ọwọ́ rẹ ṣe. Bí o bá ka ojú ewé mẹ́sàn-án yẹn ní Mọ́ńdè, Alábì yóò yọ fìlà rẹ̀, yóò dúró tì ọ́. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò lé e. Yóò sì padà sí Kétu, yóò máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan wà ní Gàbọ́ọ̀nù tó dìde fún òun níwájú òyìnbó. Yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ títí yóò fi kú. Ọmọ mi, èmi ti gba irú ọpẹ́ yẹn. N kò fẹ́ kí o gbà á.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí o kọ́kọ́ dá ka lẹ́tà yìí. Ó yá, pe Alábì wá, kí o kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má fo ìlà kankan, má sì fo ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ìwọ ni. Bí ẹnu rẹ bá kọ̀ ní ibẹ̀, dúró, mí kanlẹ̀, kí o tún un kà.

Òjò ti ń dá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, á jẹ́ dẹ́rẹ́bà Alhaji tó wá gba lẹ́tà.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí o bá ń wọlé ìpàdé, n kò ní tíì ṣílẹ̀kùn. Màá gbé irin bàbá rẹ ka orí òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń wúwo jù fún mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé e báyìí bí ìwọ ṣe máa ń gbé e. Kò sí ẹni tó ń pariwo nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Màá pariwo rẹ̀ fúnra mi.

Ìyá rẹ tó ń retí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n lé ọ, bí wọn ò lé ọ,

Àbẹ̀kẹ́